Kí ẹ tó sanwó fún éjẹ́ǹtì ilẹ̀ ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará wa tó ń wá ilẹ̀ ní Ìkòròdú, éjẹ́ǹtì kì í ṣe onílẹ̀ o. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mú yín dé orí ilẹ̀ àti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Bó bá ní òun nìkan ló máa gbowó ilẹ̀, ẹ pẹ̀yìn dà.

Kó tó kan owó, ẹ wá sọ̀féyọ̀ (ẹni tó ń wọn ilẹ̀) tiyín, kì í ṣe èyí tí éjẹ́ǹtì mú wá. Kó fi ẹ̀rọ gba òǹkà tó ń fi ibi tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà wà hàn, kó wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General, ọ̀gá sọ̀féyọ̀ ìjọba Èkó, ní Alausa. Ibẹ̀ ló ti máa hàn bí ìjọba bá ti gba ilẹ̀ náà. Ìwé sọ́fè (àwòrán ilẹ̀ tí sọ̀féyọ̀ yà) orí WhatsApp kò tó, ó lè jẹ́ ti ilẹ̀ míì. Bí éjẹ́ǹtì bá ní ilẹ̀ náà "ní gazette," ìyẹn ìwé ìròyìn ìjọba tí wọ́n ń tẹ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ sí, ẹ bi í: abúlé wo, ojú ewé wo? Excision abúlé kan, ìyẹn apá ilẹ̀ tí ìjọba yọ sílẹ̀ fún àwọn ará abúlé nínú èyí tó ti gbà, kì í kó gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká, èyí tó kù síta gan-an ni wọ́n máa ń tà lówó pọ́ọ́kú.

Ilẹ̀ ẹbí ńkọ́? Olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí ìwé. Bí ọmọ ẹbí kan bá tà á lẹ́yìn olórí, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí bá dá a tà, àwọn yòókù lè gba kóòtù dà á nù.

Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú: pulọ́ọ̀tì tá a mọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní fífẹ̀, 120 ní gígùn, àmọ́ àwọn kan ń pe 300 sqm (mítà onígun mẹ́rin), tí kò tó ìdajì rẹ̀, ní odindi pulọ́ọ̀tì. Owó éjẹ́ǹtì sábà máa ń jẹ́ 10% owó ilẹ̀; ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, ẹ má sì san án kí ìwé tó jáde.