Bí A Ṣe Ń Múra Láti Kópa Nínú Ìwádìí Lórí Àrùn Ẹ̀dọ̀fóró Ọlọ́jọ́ Pípẹ́

Bí dókítà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, yálà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn LAUTECH tàbí ti Bowen, bá ní kí ẹ kópa nínú ìwádìí lórí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́, ẹ má tíì buwọ́ lùwé. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí ti fọwọ́ sí i, kí ẹ sì ní kí wọ́n ka ìwé náà fún yín ní Yorùbá títí yóò fi yé yín yékéyéké. Ẹ̀tọ́ yín ni láti kọ̀, tàbí láti yọwọ́ nígbàkigbà, láìjẹ́ pé ìtọ́jú yín dín kù. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ni kì í fẹ́ já dókítà ní koro.

Wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀rọ spirometer wọn èémí. Ẹ má mu sìgá, ẹ má sì ṣe iṣẹ́ agbára fún wákàtí kan ṣáájú. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ dá oògùn tí ẹ ń fà símú dúró, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ ó mí sínú títí àyà yóò fi kún, ẹ ó pa ètè mọ́ ẹnu ẹ̀rọ náà, ẹ ó sì fẹ́ ẹ tagbáratagbára títí èémí yóò fi tán, ó kéré tán ní ìgbà mẹ́ta.

Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ti ní ikọ́ ife rí, tàbí bí ẹ bá ti fi igi dáná fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé méjèèjì lè ba ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí kò mu sìgá rí jẹ́.