Bí A Ṣe Lè Gba Pápá Ilé-Ìwé Lọ́wọ́ Oògùn Apakoríko

Ọdún 9 ni mo fi gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn. Iṣẹ́ mi ni kí n gé koríko, kí n fín èpò, kí n fín èèrà, ilé-ìwé kan sì wà lára àwọn ibi tí mo ń tọ́jú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fín etí pápá ìṣeré tán, n kò tíì bọ́ ìbọ̀wọ́, ni agogo ìsinmi bá dún. Àwọn ọmọ tú jáde. Ọmọbìnrin kékeré kan bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sórí koríko tó ṣì tutù, ó ń ya ewé, ó sì ń ti ìka bọ ẹnu. Èmi tí mo dúró tì í wọ bùútù dé orúnkún, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi ìbòmú bo imú. Mo gbé e dìde, mo mú un lọ bá olùkọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè fọ ọwọ́ rẹ̀. Olùkọ́ náà bi mí pé, "Ṣé ẹ ò sọ pé bó bá ti gbẹ, kò léwu mọ́ ni?"

N kò rí èsì fún un. N kò ka ìwé ara ike oògùn yẹn dé ìsàlẹ̀ rí.

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, mo sì rí ohun tí mo mọ̀ dáadáa lẹ́bàá ọgbà wọn. Koríko tí oòrùn pa máa ń kú káàkiri. Èyí tí oògùn pa máa ń kú ní ìlà gbọọrọ, níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń fín in gbà kọjá. Oṣù 14 ni àwa òbí díẹ̀ àti àwọn aládùúgbò fi bá a yí kí ilé-ìwé náà tó fọwọ́ sí i pé àwọn ò ní fín oògùn sí pápá mọ́. Bí a ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ, àti ibi tí a ti kọ́kọ́ ṣì í ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú yàrá irinṣẹ́

Ìbínú la gbé lọ lákọ̀ọ́kọ́. A ń pariwo "májèlé, májèlé". Ọ̀gá ilé-ìwé bi wá pé májèlé wo, kò sì sẹ́nì kan nínú wa tó lè dárúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú, ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Tiwa nìyí:

"Ẹ jọ̀wọ́, a fẹ́ mọ orúkọ gbogbo oògùn apakoríko, apakòkòrò àti oògùn eku tí wọ́n lò nínú ọgbà àti nínú kíláàsì láti ọdún kan sẹ́yìn, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n lò ó, ibi tí wọ́n lò ó sí, ẹni tó lò ó, àti ẹni tó pàṣẹ rẹ̀. A sì fẹ́ rí ìwé ara ike ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa lésì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì."

Ìbéèrè nípa ẹni tó pàṣẹ ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Ẹnì kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í rà á nígbà kan, wọ́n sì ń rà á lọ bẹ́ẹ̀.

Bí ike bá dé ọwọ́ yín, ẹ fi orúkọ gàdàgbà iwájú sílẹ̀. Ẹ wá èròjà tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, èyí tí wọ́n máa ń kọ wẹ́wẹ́: glyphosate, 2,4-D, paraquat, chlorpyrifos, permethrin. Orúkọ ìtajà mẹ́wàá lè jẹ́ èròjà kan ṣoṣo. Ẹ wo ìlà aláwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ike. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, pupa ni ti èyí tó tètè ń pani, àwọ̀ ìyeyè tẹ̀ lé e, búlúù tẹ̀ lé ìyẹn, àwọ̀ ewé ló kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìpalára ojú ẹsẹ̀ nìkan ni àwọ̀ náà ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa àrùn tó lè pẹ́ lára kó tó yọjú. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ibi tí wọ́n ti kọ ìgbà tí èèyàn lè padà síbẹ̀, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò ìsinmi àwọn ọmọ. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wa ti múlẹ̀: ike sọ pé kí ẹnikẹ́ni má débẹ̀ títí oògùn yóò fi gbẹ, àkọsílẹ̀ tí wọ́n fún wa sì fi hàn pé ìṣẹ́jú 20 péré ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n fín in tán àti ìgbà tí agogo dún.

Ẹ sọ ewu rẹ̀ bó ṣe rí

Bí ẹ bá fi ìwọ̀n ara ọmọdé wé ti àgbà, afẹ́fẹ́ tí ọmọdé ń mí sínú àti omi tó ń mu ló pọ̀ jù. Ó sún mọ́ ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu, ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbé ìwé jáde pé kí wọ́n dín bí oògùn wọ̀nyí ṣe ń kan ọmọdé kù. Ìwé yẹn wúlò fún wa gan-an, torí dókítà ló kọ ọ́.

Lórí glyphosate, ẹ rọra. Ní oṣù kẹta 2015, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ sọ pé ó jọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká sọ pé kò jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ méjèèjì. Bí ẹ bá fi ọ̀kan pamọ́, ẹlòmíì yóò tú u síta nínú ìpàdé, wọn ò sì ní gba èyí tó kù gbọ́ lẹ́nu yín mọ́. Ẹjọ́ tí n kì í gbàgbé ni ti Dewayne Johnson, òṣìṣẹ́ tó ń fín koríko fún àwọn ilé-ìwé ní Benicia, ní California. Jẹjẹrẹ mú un. Ní 2018, ilé ẹjọ́ ní San Francisco dá a láre, wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe oògùn glyphosate tó ń fín san mílíọ̀nù 289 dọ́là fún un. Wọ́n dín owó náà kù lẹ́yìn náà títí ó fi di mílíọ̀nù 20.5, ṣùgbọ́n wọn ò yí ìdáláre náà padà. Páǹpù bíi tèmi ni ọkùnrin yẹn ń gbé.

Ti paraquat kò la àríyànjiyàn lọ. Ẹ̀ẹ̀kan béèyàn gbé e mì lè pa àgbàlagbà, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Láti 2007 ni wọn ò ti gbà á láyè mọ́ ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Bí ẹ bá rí i nílé-ìwé, pàápàá nínú ìgò ohun mímu, ẹ má dúró de ìpàdé kankan. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n tì í mọ́ ibi tí ọmọ ò lè dé.

Ẹ lọ bá ẹni tó ń gbé páǹpù

Kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Òun ni oògùn náà ń bà lára jù, òun náà ló sì ń bẹ̀rù pé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, tàbí pé ẹ fẹ́ fi ọkọ́ pa òun. Ẹ má béèrè ìdí tó fi ń fín oògùn. Ẹ béèrè ibi tí èpò ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ibi mẹ́ta péré ni tiwa dárúkọ: ìdí ọgbà, ojú ibi tí kọnkéré ti là, àti ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí. Nítorí ibi mẹ́ta yẹn ni wọ́n ṣe ń fín gbogbo pápá!

Ní ìdí ọgbà, a tẹ́ páálí nípọn, a da èérún igi lé e lórí tó fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 10. Èpò kò rí ìmọ́lẹ̀, kò sì lè hù. Ojú kọnkéré tó là, a ha èpò inú rẹ̀ kúrò, a da omi gbígbóná sí i lọ́jọ́ tí kò sí ọmọ nítòsí, lẹ́yìn náà a fi sìmẹ́ǹtì dí i. Àwọn kan máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n da iyọ̀ síbẹ̀. Ẹ má ṣe é. Iyọ̀ ń ba ilẹ̀ jẹ́ ni, ohun tí ẹ fẹ́ gan-an kò sì ní hù níbẹ̀ mọ́.

Pápá fúnra rẹ̀ ni mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lé lórí, torí ọdún púpọ̀ ni mo fi ṣe é lódì. Ohun tó ń pe èpò ni ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀. Bí a bá gé koríko mọ́lẹ̀ pátápátá, oòrùn yóò kan ilẹ̀, hóró èpò yóò sì jí. Ẹ gbé abẹ ẹ̀rọ ìgékoríko sókè, kí koríko ga tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 8 lẹ́yìn gígé. Gbòǹgbò rẹ̀ yóò jinlẹ̀, òjìji rẹ̀ yóò sì bo ilẹ̀. Ẹ fi èyí tí ẹ gé sílẹ̀ níbẹ̀ kó jẹrà, ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti há, ẹ tú u, kí ẹ tún gbin koríko síbẹ̀. Èpò tó bá ṣẹ́kù, ẹ fà á tu lẹ́yìn òjò, tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kó tó yọ òdòdó.

Ní ti kòkòrò, àwọn àgbà ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni aáyán àti eku. A rìn yí kíláàsì ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, a dí gbogbo ihò tó wà níbi tí ọ̀pá omi ti wọlé, a fi ìdérí sí gbogbo gàrawà ìdọ̀tí. Omi tó bá dúró sínú taya tàbí ike, ẹ máa dà á nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí bí ilẹ̀ bá móoru, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọjọ́ 7 sí 10.

Ẹ jẹ́ kó di ìwé

Ìlérí ẹnu kì í pẹ́. Ọ̀gá kan ṣèlérí fún wa, wọ́n gbé e lọ ibòmíràn, páǹpù sì padà láàárín oṣù kan.

Dókítà awọ ara kan wà ní ìlú Hudson, ní Quebec, ní Kánádà, June Irwin lorúkọ rẹ̀. Láti 1985 ló ti ń lọ sípàdé ìgbìmọ̀ ìlú, tó ń sọ̀rọ̀ lórí oògùn tí wọ́n ń fín sí koríko. Ní 1991, ìlú náà ṣe òfin tó ká lílo oògùn náà lọ́wọ́ kò. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fín koríko pè wọ́n lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ní 28 oṣù kẹfà 2001, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà dá ìlú náà láre. Ọdún 16 nìyẹn. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìṣẹ́jú márùn-ún nínú gbogbo ìpàdé: ìyá kan lónìí, nọ́ọ̀sì kan nígbà tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ń gbé páǹpù náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ níkẹyìn. Tirẹ̀ ni wọ́n fetí sí jù.

Bí wọ́n bá ń lọ́ra, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún pápá kan ṣoṣo fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, kí ẹ máa ya fọ́tò rẹ̀ lóṣooṣù láti ojú kan náà. Bí wọ́n bá ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ẹ sọ fún wọn pé ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà ṣe òfin rẹ̀ fún pápá ilé-ìwé ní 2010, àti pé ilẹ̀ Faransé fi òfin tirẹ̀ kan ilé-ìwé láti oṣù keje 2022.

Nínú ìwé náà, ẹ kọ ọ́ pé wọn ò ní fín oògùn nítorí kí pápá lè lẹ́wà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ewu gidi, bí agbọ́n tó kọ́ ilé sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, kí ẹ sì dárúkọ ipò ẹni tó lè fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ pé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn òbí gbọ́dọ̀ gbọ́ ṣáájú, àmì ìkìlọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Òfin California ní kí àmì náà dúró láti wákàtí 24 ṣáájú títí di wákàtí 72 lẹ́yìn rẹ̀. A mú un bó ṣe wà.

Èyí tó ṣẹ́kù nínú yàrá irinṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á sí gọ́tà tàbí kí wọ́n sun ún. Ìjọba ìbílẹ̀ tàbí àjọ tó ń rí sí àyíká ni kí ẹ kọ̀wé sí kí wọ́n wá kó o. Nígbà tí wọ́n wá kó tiwa, ike 11 ni mo kà, méjì nínú wọn kò sì ní ìwé lára mọ́. Irú ìyẹn, ẹ má ṣí i, ẹ má gbóòórùn rẹ̀. Ẹ fi bébà kọ "a ò mọ ohun tó wà níbí" mọ́ ọn lára, kí ẹ gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn títí wọn yóò fi dé.