Bí mo ṣe yẹ ìwé adójútòfò ilé wò ní Florida, láti orí deductible títí dé orí ìṣó òrùlé

Iye tí wọ́n ní kí n máa san lọ́dọọdún kọ́ ni mo kọ́kọ́ wò. Ní Florida, iye yẹn nìkan kò lè sọ ohun tí ìjì máa ná onílé. Ojú ewé tó kó kókó ìwé náà jọ, tí wọ́n ń pè ní declarations page, ni mo ṣí, mo sì fi bírò fa ìlà sí abẹ́ ohun méjì: Coverage A àti Hurricane Deductible.

Coverage A ni owó tí wọ́n máa fi tún ilé kọ́ bí ó bá wó pátápátá. Kì í ṣe iye tí ilé náà lè tà lọ́jà, torí owó ilẹ̀ wà nínú iye ọjà, bẹ́ẹ̀ ìjì kì í gbé ilẹ̀ lọ. Mo béèrè lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe méjì pé èló ni wọ́n ń kọ́ ẹsẹ̀ bàtà oníhà mẹ́rin kan, mo fi ìwọ̀n ilé sọ ọ́ di púpọ̀, mo sì fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Bí Coverage A bá kéré jù, owó ọdọọdún á dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n onílé ni yóò fi owó ara rẹ̀ parí ilé.

Hurricane deductible ló ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Òun ni owó tí onílé máa yọ lápò ara rẹ̀ kí ilé iṣẹ́ adójútòfò tó fi tiwọn kún un. Òfin Florida fún wa ní àǹfààní láti yan $500, 2%, 5% tàbí 10%, bó tilẹ̀ jẹ́ pé $500 kì í sí fún gbogbo ilé. Coverage A ni wọ́n ń yọ ìdá yẹn lára, kì í ṣe ara ohun tó bàjẹ́. Bí Coverage A bá jẹ́ $400,000, 2% jẹ́ $8,000, 5% jẹ́ $20,000. Bí ìjì bá wá ba òrùlé jẹ́ débi $18,000, ẹni tó yan 5% kò ní gba kọ́bọ̀. Torí náà mo ní kí aṣojú wọn kọ iye ọdọọdún fún 2% àti 5% lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyàtọ̀ deductible méjèèjì jẹ́ $12,000. Bí 5% bá dín $600 kù lọ́dún, ogún ọdún láìsí ìjì ni yóò gbà kí owó yẹn tó pé. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá ní $20,000 nílẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí 5%.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí aṣojú kì í sábà sọ: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni deductible hurricane, láti January sí December. Bí hurricane kejì bá jà lọ́dún kan náà, èyí tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ tàbí deductible lásán, ìyẹn ti ìbàjẹ́ tí kì í ṣe ti hurricane, ni wọ́n máa yọ, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Nítorí èyí, bí ohun tí ìjì àkọ́kọ́ bàjẹ́ kò bá tilẹ̀ tó deductible, ẹ fi tó wọn létí, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Omi ńkọ́? Òjò tó gba ibi tí afẹ́fẹ́ ti ṣí òrùlé wọlé, ìwé ilé ló ń bójú tó o. Omi òkun tí ìjì tì wọ ìlú, tàbí àgbàrá tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ìkún omi ni, kò sì sí nínú ìwé ilé rárá. Ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ti ìjọba àpapọ̀, NFIP, kì í kọjá $250,000 lórí ilé gbígbé àti $100,000 lórí ẹrù. Ọgbọ̀n ọjọ́ sì ni a sábà máa dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Inú àjà ni mo ti rí ibi tí owó ọdọọdún ti lè dínkù. Fọ́ọ̀mù kan wà, OIR-B1-1802, tí ilé iṣẹ́ fi ń mọ ẹ̀dínwó tó yẹ ilé gẹ́gẹ́ bó ṣe lè dúró de afẹ́fẹ́, tí olùyẹ̀wò tó ní ìwé àṣẹ máa kọ, tó sì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún. Kí ó tó dé, mo gun àjà lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti tépù ìwọ̀n. Mo gbé òwú tí wọ́n tẹ́ sórí àjà kúrò lẹ́bàá ògiri, níbi tí igi òrùlé ti jókòó. Bó bá jẹ́ ìṣó nìkan ni wọ́n fi kàn án ní ìdábùú, toe nail nìyẹn, ẹ̀dínwó rẹ̀ ló kéré jù. Bí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní clip bá wà níbẹ̀, ẹ ka ìṣó rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ní ìṣó mẹ́ta, ó kéré tán. Bí méjì péré bá wà, toe nail náà ni wọ́n máa kà á sí, ìṣó kan ṣoṣo ló fà á. Irin tó gun orí igi kọjá sí òdì kejì ni wọ́n ń pè ní wrap, ẹ̀dínwó rẹ̀ ju ti clip lọ.

Lẹ́yìn èyí, mo wo abẹ́ pákó òrùlé. Ìṣó tó ṣi igi máa ń yọ ẹnu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń dán bí tọ́ọ̀ṣì bá bà á. Irú ìṣó bẹ́ẹ̀ ni mo fi mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra: íǹṣì mẹ́fà sàn ju méjìlá lọ. Ní ti fèrèsé, bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù láìní ìbòjú tó lè gba ìkọlù, ẹ̀dínwó tó ga jù ti bọ́ nìyẹn. Ẹ má gbàgbé ilẹ̀kùn ibi tí ọkọ̀ ń wọ̀. Kí olùyẹ̀wò ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Ohun tí kò bá sí nínú fọ́tò, ilé iṣẹ́ lè má kà á.

Mo parí gbogbo èyí kí June 1 tó pé, ọjọ́ tí àsìkò hurricane ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjì bá ti ń bọ̀ nítòsí, àwọn ilé iṣẹ́ kì í ta ìwé tuntun, wọn kì í sì jẹ́ kí ènìyàn fi kún tàbí yọ kúrò nínú ti tẹ́lẹ̀. Bí ìjì bá sì ba nǹkan jẹ́, ọdún kan péré ni òfin fún wa láti fi tó wọn létí, oṣù méjìdínlógún fún ohun tí a bá tún rí lẹ́yìn náà.