Bí mo ṣe rí géèmù tí àwa mẹ́rin lè jọ gbá láìka NEPA sí

Kí n tó daunlóòdù ohunkóhun, mo kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí a ní sílẹ̀. Àwa mẹ́rin ni: ẹnì kan ní Lágere, ẹnì kan ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, àwọn méjì tó kù ní Iléṣà. Láptọ́ọ̀pù méjì ló wà, RAM 4 GB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Fóònù Android ni àwọn méjì yòókù ń lò, àyè tó ṣẹ́ kù lórí ọ̀kan nínú wọn kò sì ju GB 9 lọ. Dátà orí síìmù ni gbogbo wa ń rà. Fóònù GB 9 yẹn ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí géèmù tí ẹnì kan nínú mẹ́rin kò bá lè ṣí kì í ṣe géèmù àjọgbá mọ́.

Irú tí a ń wá ni èyí tí wọ́n ń pè ní RPG: o dá ẹ̀dá kan sílẹ̀, agbára rẹ̀ ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀, o ń gba iṣẹ́ ṣe. A kò fẹ́ èyí tí a ó ti máa dojú ìjà kọ ara wa, a kò sì fẹ́ sanwó ká tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n ló kọ́kọ́ lé púpọ̀ dànù. Baldur's Gate 3 gba ẹni mẹ́rin, ṣùgbọ́n GB 150 ló ń béèrè lórí díìsìkì, pẹ̀lú RAM 8 GB ó kéré tán. Genshin Impact wọ fóònù, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n ó ju GB 20 lọ. Ohun méjì tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ àfi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbá a fún ọjọ́ mélòó kan: o kò lè bá ọ̀rẹ́ rẹ gbá a àfi tí Adventure Rank rẹ (ìpele rẹ nínú géèmù náà) bá pé 16, ẹni tó bá sì mú Europe nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀ kò lè bá ẹni tó mú America pàdé. Albion Online fẹ́rẹ̀ẹ́ yege: ó fúyẹ́, fóònù àti kọ̀ǹpútà ń pàdé nínú rẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá pa ọ́ ní agbègbè pupa tàbí dúdú, gbogbo ẹrù tó wà lára rẹ lọ nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ràn ìdigunjalè lè gbá a.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ni ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀: orí ẹ̀rọ ta ni ayé géèmù náà wà? Tí ẹ kò bá yá server (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ayé géèmù fún gbogbo yín) lọ́tọ̀, Terraria àti Stardew Valley, géèmù oko dídá, máa ń wà lórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan nínú yín, òun ló ń gba àwọn yòókù lálejò. Àwọn géèmù méjèèjì fúyẹ́, láptọ́ọ̀pù RAM 4 GB gbé wọn. Ṣùgbọ́n tí NEPA bá mú iná ilé olùgbàlejò lọ, tí bátìrì rẹ̀ sì kú, gbogbo yín já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Stardew tún le sí i. Ìgbà tí ẹ bá sùn ní òpin ọjọ́ inú géèmù nìkan ló ń fi iṣẹ́ yín pamọ́. Ọjọ́ kan níbẹ̀ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 tiwa, nítorí náà iná tó lọ ní ìṣẹ́jú kẹtàlá ti gbé iṣẹ́ gbogbo yín lọ. Inú fáìlì olùgbàlejò náà ni ohun ìní àwọn yòókù wà. Tí kò bá sí nílé, kò sẹ́ni tó lè wọ oko. Ní ti Terraria, oníkálukú ló ni ẹ̀dá tirẹ̀, ayé nìkan ló ń jókòó ti olùgbàlejò. Ohun tó yọ ọ́ kúrò ni pé nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni orí fóònù kò lè bá ẹni orí kọ̀ǹpútà pàdé.

Oríṣi kejì ni èyí tí ayé rẹ̀ wà lórí server ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Iná ilé ẹnì kan lọ, òun nìkan ló jáde. Ibẹ̀ ni mo ti mú Old School RuneScape ti Jagex, ilé iṣẹ́ kan ní Cambridge, England. Ó ti wà láti 2013, ó dé orí fóònù ní 2018, àkáǹtì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, fóònù GB 9 wa sì gbé e. Ẹ má retí àwòrán tó rẹwà o. Ó dà bíi géèmù ìgbà tí a wà ní pámárì.

Ohun tó mú kó bá network wa mu ni aago rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 0.6, ìyẹn millisecond 600, ni server fi ń gba àṣẹ gbogbo ènìyàn tó sì ń ṣe é pa pọ̀. Ping wa sí England, ìyẹn àkókò tí àṣẹ fi ń lọ tó sì ń padà, wà láàárín millisecond 130 sí 180. Ní alẹ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Great Ife bá ti bọ́ sórí dátà, ó ń kọjá 300. Nínú géèmù tí wọ́n ti ń yìnbọn, 300 ti parí ọ̀rọ̀. Níbí, àṣẹ rẹ ṣì dé kí aago tó lù tàbí kó pẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

Bí mo ṣe tò ó nìyí. Oníkálukú ṣí àkáǹtì Jagex, ó sì tan authenticator, tó ń béèrè kóòdù kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, kí àwọn olè má baà wọlé. Orúkọ ẹ̀dá kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 12 lọ. Àwọn tó ní láptọ́ọ̀pù fi RuneLite, áàpù tí wọ́n fi ń gbá géèmù náà lórí kọ̀ǹpútà, sí i láti inú Jagex Launcher, wọ́n tan World Hopper, èyí tó ń fi ping world kọ̀ọ̀kan hàn (world ni ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ayé géèmù náà). A mú world ọ̀fẹ́ kan tó wà ní England, a sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí WhatsApp. Ẹni méjì lè dúró síbì kan náà láì rí ara wọn tí world wọn bá yàtọ̀. Èyí ló ń fa "mi ò rí ẹ o" ní gbogbo ọjọ́ àkọ́kọ́.

Fún àjọṣe gidi, iṣẹ́ inú géèmù tí wọ́n ń pè ní Shield of Arrav, ní ìlú Varrock, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ó nílò ẹnìkejì. Ìdajì asà kan wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Phoenix, ìdajì kejì wà lọ́dọ̀ Black Arm. Tí o bá ti wọ ọ̀kan, o kò lè wọ èkejì mọ́. Ẹ pín ara yín sí méjì-méjì ṣáájú, nítorí tí ẹ̀yin mẹ́rin bá wọ Phoenix, ẹ ó wá àjèjì tí yóò bá yín parí rẹ̀. Ẹni tó wọ Phoenix ló ń gba kọ́kọ́rọ́ ilé ohun ìjà. Ó gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ń lọ sí Black Arm, torí inú ilé yẹn ni crossbow méjì tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ wà. Ní ìparí, ẹ ó pààrọ̀ ìdajì ìwé ẹ̀rí, oníkálukú á sì gba coin 600 lọ́dọ̀ ọba.

Tí ẹ bá fẹ́ jọ lu ẹranko kan, ẹ wá ibi tí àmì idà méjì tó gba ara wọn kọjá ti ń hàn. Níbi tí kò bá sí, ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá a jà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá lù ú jù ló ni ẹrù rẹ̀. Àwọn yòókù kò ní rí i fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ fẹnu kò lórí bí ẹ ó ṣe pín in kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Dátà: géèmù fúnra rẹ̀ kò jẹ tó MB 50 ní wákàtí kan lórí fóònù wa. Ohùn orí Discord, áàpù tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, náà ń mu dátà. Kilobit 64 ló ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn bíi MB 29 ní wákàtí kan fún ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Mo dín in kù sí 32 nínú ètò channel náà, ohùn ṣì mọ́.

Ẹni tí network rẹ̀ bá já lójú ìjà kì í kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀dá rẹ̀ ṣì dúró níbẹ̀, wọ́n sì lè pa á. Ẹrù rẹ̀ á wà nínú sàréè fún ìṣẹ́jú 15. Nítorí náà, kí oníkálukú gbé ohun tó níye lórí sí báǹkì inú géèmù kí ẹ tó jáde, pàápàá tí ọ̀run bá ti ṣú.