Bí Àdúgbò Ṣe Lè Béèrè fún Títì Tí Kò Léwu fún Afẹsẹ̀rìn àti Ológeere ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìwé tí ẹgbẹ́ àdúgbò bá kọ sí ìjọba pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún ọ̀nà wa ṣe" kì í sábà kúrò lórí tábìlì ẹni tó kọ́kọ́ gbà á, nítorí kò sí òṣìṣẹ́ tó lè fi ìwé tí kò dárúkọ ibì kan tàbí ohun kan ṣiṣẹ́. Ohun tí ó ń so èso ni kí ẹ béèrè ohun kan pàtó, níbi kan pàtó, lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ náà kàn gan-an.

Nítorí náà, bí ìpàdé àdúgbò bá dárúkọ ibi méje tí ẹsẹ̀ kò ti balẹ̀, ẹ mú ọ̀kan nínú wọn. Iwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni èmi yóò kọ́kọ́ mú, nítorí kò sẹ́ni tí yóò bá yín jiyàn pé kò yẹ kí ọmọdé sọdá títì láìséwu. Ẹ lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ẹ sì wò ó dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé pákó ni wọ́n fi bo kọ́tà tó yẹ kí àwọn ọmọ máa gba orí rẹ̀, pé tábìlì oníàkàrà ti gba orí pákó náà, àti pé Màrúwà tó ń já èrò ti gba etí títì, tí kò fi kù fún ọmọ ju orí ọ̀dà lọ. Ẹ wo ti ológeere pẹ̀lú. Níbi tí òjò bá ti jẹ etí ọ̀dà wọnú, tí ọ̀dà fi ga ju ilẹ̀ lọ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹni tó gbé búrẹ́dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kò lè yà fún ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn láìṣubú. Àwọn awakọ̀ rò pé agídí ni kò jẹ́ kó yà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kà á. Ẹ fi èèyàn méjì síbẹ̀ láti aago méje sí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ní ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n padà wá nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jáde, kí wọ́n sì tún ṣe é ní ọjọ́ ọjà kan. Kí ẹnì kan máa fa ìlà sínú ìwé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó sọdá, fún àgbàlagbà tó ń rìn lórí ọ̀dà, àti fún kẹ̀kẹ́ ológeere. Kí ẹnì kejì máa wo eré ọkọ̀. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan fún èyí ju fóònù tó lè ka ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹ wọn 50 mítà lẹ́bàá títì, ẹ fi ẹfun sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀, kí ẹ wá ka àkókò tí ọkọ̀ fi gba àárín wọn kọjá. Ọkọ̀ tó ń sá 30 kìlómítà ní wákàtí kan yóò lo ìṣẹ́jú àáyá 6, èyí tó ń sá 50 yóò lo 3.6, bí ó bá sì jẹ́ 3 péré, 60 ló ń sá. 50 ni òfin ojú pópó Nàìjíríà gbà fún mọ́tò láàárín ìlú. Níbi ìpàdé àgbáyé lórí ààbò ojú pópó tó wáyé ní Stockholm, ní ilẹ̀ Sweden, ní oṣù Kejì ọdún 2020, 30 ni wọ́n fẹnu kò sí fún ibi tí afẹsẹ̀rìn àti ológeere bá ti ń dà pọ̀ mọ́ ọkọ̀. Bébà tí ẹ fi ka nǹkan wọ̀nyí yóò ṣiṣẹ́ ju igbe ogún ènìyàn lọ.

Ta ló wá ni títì náà? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń ṣáko. Ti ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìlọrin tó gba àárín ìlú kọjá, FERMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tún ọ̀nà ṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2002, ló sì wà fún àtúnṣe irú rẹ̀. Àwọn títì kan wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ti àwọn òpópónà inú àdúgbò, Àfikún Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 ka ọ̀nà, iná ojú pópó àti kọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà káńsù ni ẹ ó kọ̀wé sí: Kinnira bí ẹ bá wà ní Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, Arówómọlé bí ó bá jẹ́ Gúúsù. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí àwọn èèyàn ń sáré lọ bá fún gbogbo nǹkan, kì í tún títì ṣe. Iṣẹ́ tiwọn ni láti mú awakọ̀ tó rú òfin àti láti la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀, ẹ sì lè pè wọ́n wá sí ilé ẹ̀kọ́ fún ìyẹn.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà, ẹ lọ bá àwọn tí ọ̀rọ̀ náà yóò dùn. Alága àwọn ọlọ́kadà àti ti Màrúwà ní ibùdókọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyálọ́jà. Bí ẹ bá ní kí oníàkàrà kó tábìlì rẹ̀ kúrò, ẹ ti wá ibi tí yóò gbé e sí, torí ẹni tí ẹ lé láìsí ibi tí yóò dé sí yóò padà lọ́jọ́ kẹta. Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé àti ọ̀nà ní LAUTECH, ẹ ní kó ya àwòrán ibẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín mọ bọ́ǹpù. Òkìtì tí àwọn ọ̀dọ́ fi yẹ̀pẹ̀ àti sìmẹ́ǹtì mọ lóru, tí kò ní àmì, tí kò ní ọ̀dà funfun, máa ń gbé ọlọ́kadà ṣubú ní òkùnkùn, ìjọba sì lẹ́tọ̀ọ́ láti hú u. Ohun tó dára jù lójú tèmi ni ibi ìsọdá tí wọ́n gbé sókè díẹ̀, tí wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kùn, tí àmì ìkìlọ̀ ṣáájú rẹ̀ lápá méjèèjì, nítorí pé ó ń dín eré kù, ó sì ń fi ibi tí ọmọ yóò gbà hàn. Ẹ fi ìbòrí kọ́tà tó lágbára àti yẹ̀pẹ̀ tí wọn yóò fi kún etí ọ̀dà kún un, kí ẹ sì dúró níbẹ̀.

Ìwé náà kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ, pẹ̀lú àwòrán méjì tàbí mẹ́ta àti iye tí ẹ kà. Kí baálẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn onílé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ fọwọ́ sí i. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìgbàwọlé mọ́ ọ̀kan fún yín, kí ẹ sì fún káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù yín ní ẹ̀dà kẹta. Bí wọn kò bá fèsì, ẹ lo òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011: ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ tó fi hàn bóyá títì yín wà nínú ìṣúná ọdún yìí. Ọjọ́ méje ni òfin náà fún wọn láti dáhùn. Bí olóṣèlú bá sì ṣèlérí lásìkò ìdìbò, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ óò rí ẹni tí yóò ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Ní ilẹ̀ Netherlands, tí gbogbo ayé mọ̀ fún kẹ̀kẹ́ lónìí, ọkọ̀ pa nǹkan bí 3,300 ènìyàn ní ọdún 1971, tí ó lé ní 400 ọmọdé nínú wọn. Àwọn òbí ló dìde ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń dí òpópónà kí àwọn ọmọ lè ṣeré níbẹ̀, títí ìjọba fi gbọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ tún lọ kà á ní wákàtí kan náà, ní irú ọjọ́ kan náà, kí ẹ sì fi iye tuntun náà ránṣẹ́ sí káńsù pẹ̀lú ìwé ọpẹ́. Inú ìwé yẹn ni kí ẹ ti béèrè orúkọ ẹ̀ka tí yóò máa tún ọ̀dà funfun náà kùn lọ́dọọdún, nítorí pé òjò àti táyà kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó ṣá.