Ìbọn Ọdẹ Àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà Pẹ̀lú 700 Dọ́là: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbọn tí èèyàn fẹ́ kọ́kọ́ fi dẹ àgbọ̀nrín ní Amẹ́ríkà là ń sọ níbí, pàápàá ní Texas tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Ráífù ni, kì í ṣe ṣakabùlà. Inú ọ̀pá ṣakabùlà ń dán kọrọrọ; ti ráífù ní ìlà tó ń yí bíi okùn láti ìdí dé ẹnu, òun ló ń mú kí orí ọta máa pòòyì nínú afẹ́fẹ́ kó lè lọ tààrà. Iye owó tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ lè lọ sókè tàbí sódò díẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù kan sí èkejì.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. 700 dọ́là ni mo rí tù jọ. Ráífù kan wà tí wọ́n ń tà ní 680. Ṣé kí n gbé e?

Ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé e, ẹ máa délé láìsí awò tí wọ́n ń gbé sórí ìbọn láti fi rí ọ̀ọ́kán, láìsí ọta, láìsí ohun tí ẹ máa fi dí etí. Ẹ jẹ́ kí ìbọn kó bíi 420 nínú owó yẹn. Ruger American, Savage Axis àti Mossberg Patriot wà ní àyíká ibẹ̀. Oníbọ́ọ̀tì ni wọ́n: bọ́ọ̀tì ni irin tí ẹ máa ń fi ọwọ́ fà sẹ́yìn, kí ẹ tó fi ti ọta kọ̀ọ̀kan wọlé. Ẹ yọ 120 fún awò 3-9x40 (ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 3 sí 9, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 40), 35 fún àwọn òrùka àti ìjókòó tó ń di awò mú, 75 fún páálí ọta mẹ́ta (ogún ló máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan), 30 fún ìbòtí àti gíláàsì ojú, 20 fún ọ̀pá àti òróró ìnubọn. Ó pé 700 géérégé.

Kì í ṣe inú ọ̀pá ìbọn ni wọ́n ti máa ń dín owó kù nínú àwọn ìbọn pọ́ọ́kú yìí. Ìdí ìbọn ni wọ́n ń fi ike ṣe, bọ́ọ̀tì ò yọ̀ bíi ti olówó ńlá, àpótí ọta abẹ́ rẹ̀ sì ń dùn pàkà-pàkà. Ọta rẹ̀ kò ní tìtorí ìyẹn yà kúrò lọ́nà. Tírígà nìkan ni kí ẹ má ṣe fojú di. Èyí tó bá le kókó máa ń mú kí ẹnu ìbọn yẹ̀ kí ọta tó jáde. Bí Savage bá wù yín, ẹ mú èyí tó ní AccuTrigger, torí tírígà yẹn ṣeé dẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ dijú, ẹ gbé ìbọn sí èjìká, kí ẹ wá lajú. Bí ẹ bá ní láti na ọrùn bíi ti àgùfọn kí ẹ tó rí inú awò, ìdí rẹ̀ ti gùn jù. Ẹ béèrè èyí tó kúrú. Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì náà, ti òsì ni kó béèrè.

Ìbéèrè: Oríṣi ọta ti pọ̀ jù: .243, .308, .30-06, 6.5 Creedmoor... orí mi ń fò. Èwo ni mo fẹ́ mú?

Gbogbo wọn ló ń pa àgbọ̀nrín. Ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ tàbí tí kò yìnbọn rí, .243 ò ní tì í léjìká jù. .308, tó ti wà láti 1952, ni ẹ máa bá ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, títí kan ti abúlé, òun náà sì sábà máa ń ní ọta pọ́ọ́kú tí ẹ lè fi kọ́ṣẹ́. .30-06 lágbára díẹ̀ jù ú lọ, ó sì ń tini jù ú lọ. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ "Magnum" sí lára (ọta tó lágbára gan-an nìyẹn), ẹ jẹ́ kó dúró dìgbà mìíràn.

Ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní .22 LR kò pọ́n lówó rárá, òun ló dáa jù láti fi kọ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n òfin Texas kò gbà kí wọ́n fi dẹ àgbọ̀nrín. Bí ẹ bá ń gbé Ohio, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀: ọta tí ara ìkòkò idẹ rẹ̀ gún régé láti ìdí dé ọrùn nìkan ni wọ́n gbà fún ráífù àgbọ̀nrín níbẹ̀, bíi .350 Legend. Ẹ wo ìwé òfin ọdẹ ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó sanwó.

Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sára ọ̀pá ìbọn ló gbọ́dọ̀ wà lára ìdí ọta. Ọta .300 Blackout lè wọ inú ìbọn .223, àmọ́ orí rẹ̀ tóbi ju ihò lọ, ìbọn á fọ́ sí ẹni tó mú un lọ́wọ́. Páálí ọta oríṣi kan ni kó wà lórí tábìlì.

Ìbéèrè: Green card ni mo ní, mi ò tíì di ọmọ onílùú. Ṣé wọ́n máa tà á fún mi? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà ní kí n bá òun ra ọ̀kan.

Wọ́n máa tà á fún yín. Ẹ ní láti pé ọdún 18 fún ráífù, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ ìjọba tó ní àdírẹ́sì tí ẹ ń gbé báyìí dání, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára green card. Fọ́ọ̀mù 4473, ti ìjọba àpapọ̀ fún ríra ìbọn, lẹ máa kọ, oníṣọ́ọ̀bù á sì fi orúkọ yín ránṣẹ́ síbi tí FBI ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Nígbà míì ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà, nígbà míì wọ́n á ní kí ẹ dúró. Ẹni tí físà nìkan ló gbé e wá ò gbọdọ̀ ní ìbọn, àyàfi bó bá bọ́ sínú àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ìbéèrè bóyá ẹ ń mu igbó (marijuana) náà wà lórí fọ́ọ̀mù, kò sì sí ohun tó kàn án pé ìpínlẹ̀ yín gba igbó láyè.

Ti ẹ̀gbọ́n yín: bí owó wọn ni ẹ máa fi rà á, tí ẹ wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ẹ̀yin lẹ ń rà á, ẹ̀wọ̀n ni. Láti 2022, ó lè tó ọdún 15. Kí wọ́n lọ kọ fọ́ọ̀mù tiwọn. Kíkó ìbọn sínú àpótí ẹrù lọ sílé kò sí nínú ọ̀rọ̀ rárá, àṣẹ Amẹ́ríkà àti àṣẹ Nàìjíríà ló ní láti wà nílẹ̀ kó tó gbéra.

Ìbéèrè: Ẹnìkan ń ta àlòkù ní 250. Kí ni mo máa wò?

Ẹ kọ́kọ́ fa bọ́ọ̀tì sẹ́yìn, ẹ ki ìka bọ ilé ọta, ìyẹn ìdí ọ̀pá níbi tí ọta ń jókòó sí, kí ó dá yín lójú pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ wá yọ bọ́ọ̀tì, ẹ na ẹnu ìbọn sí ìmọ́lẹ̀, ẹ yọjú láti ìdí. Àwọn ìlà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn ketekete, kí ó máa dán. Bí ẹ bá rí àwọ̀ dúdú, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí tó máa nù; ẹ fi aṣọ olóròóró gbà á lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọ̀ náà bá lọ tí inú irin wá rí gọ̀ǹtì-gọ̀ǹtì bí ojú onílé-ǹ-gbóná, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i.

Etí ẹnu ìbọn gan-an ló tún kàn. Ẹ fi èékánná yí i ká. Ibi tó bá ti gé tàbí tó ti tẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ti kọ́kọ́ sá jáde, yóò sì ti orí ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wo orí súkúrù: èyí tí wọ́n ti ha yánnayànna ń sọ fún yín pé ẹni tí kò mọṣẹ́ ti tú u. Ẹ wo igi ìdí ìbọn lẹ́yìn irin bóyá ó ti sán. Bí gbogbo rẹ̀ bá dáa, ẹ san owó díẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn kó wọn àyè tó wà láàárín bọ́ọ̀tì àti ìdí ọta kí ẹ tó yìn ín. Àyè tó fẹ̀ jù lè mú kí ìkòkò idẹ ya nínú ìbọn.

Mosin-Nagant àwọn sójà Rọ́ṣíà àtijọ́ ńkọ́? Kò pọ́ọ́kú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó wúwo, ọ̀pọ̀ ọta àtijọ́ rẹ̀ sì máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá. Òróró kò lè yọ́ iyọ̀ yẹn. Omi gbígbóná ni wọ́n ń dà gba inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó nù ún, kí wọ́n tó wá fi òróró pa á.

Ìbéèrè: Mo gbé awò sórí ẹ̀, mo dé pápá, mo yin ọta mẹ́fà sí pálí tí wọ́n ń fojú sùn ní 100 yáàdì. Kò sí èyí tó kàn án! Ṣé ìbọn náà ló bàjẹ́?

Ìbọn ò bàjẹ́ o. Ẹ ti jìnnà jù ni. Ẹ padà wá sí 25 yáàdì.

Ẹ gbé ìbọn lé àpò iyanrìn méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lábẹ́ ìdí. Ẹ yọ bọ́ọ̀tì, kí ẹ máa wo pálí láti inú ihò ọ̀pá. Ẹ ti ìbọn títí àárín pálí fi wà láàárín ihò rekete. Láìfọwọ́ kan ìbọn mọ́, ẹ yí bọ́tìnnì awò títí àgbélébùú inú rẹ̀ náà fi bọ́ sórí àárín pálí. Ẹ dá bọ́ọ̀tì padà, ẹ yin ẹyọ kan. Ó máa kan pálí wàyí.

Awò yìí ń rìn ní ìdá mẹ́rin íǹṣì fún kílíkì kan, ṣùgbọ́n ní 100 yáàdì nìyẹn. Ní 25 yáàdì, ìdá mẹ́rìndínlógún íǹṣì ni kílíkì kan. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe: ọta lọ sísàlẹ̀ ní íǹṣì 2, wọ́n yí kílíkì 8, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sún. Ní 25 yáàdì, a fẹ́ kí ọta fi bí ìdajì íǹṣì wà lábẹ́ àárín pálí, torí pé awò ga ju ọ̀pá lọ, ọta sì ṣì ń gòkè bọ̀. Tó bá ti wà ní íǹṣì 2 nísàlẹ̀, íǹṣì kan àtààbọ̀ lẹ fẹ́ gbé e, kílíkì 24 nìyẹn. "UP" tí wọ́n kọ sára bọ́tìnnì, ibi tí ọta máa lọ ni.

Lẹ́yìn náà kí ẹ tó padà sí 100 yáàdì. Ẹ yin mẹ́ta, ẹ wá àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun lẹ máa fi ṣírò, kì í ṣe èyí tó dára jù nínú wọn. Bí àárín wọn bá fi íǹṣì 3 lọ sọ́tùn-ún, kílíkì 12 sósì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá tutù fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ tún yin mẹ́ta. Páálí kan ti tó fún gbogbo iṣẹ́ yìí bí ẹ kò bá kánjú.

Ìbéèrè: Ó ń kan pálí, àmọ́ ọta ń fọ́n káàkiri, íǹṣì mẹ́fà síra wọn. Àná ló ṣì dáa.

Bó bá jẹ́ pé àná ló dáa, súkúrù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ yọ ọta, ẹ di awò mú, ẹ mì ín. Tó bá ṣe kẹ̀kẹ̀ báyìí, ẹ ti rí i. Awò tí wọ́n bá ìbọn tà pọ̀ nínú páálí kan náà ló sábà máa ń tú jù. Ẹ tú gbogbo rẹ̀, ẹ nu òróró kúrò lára òwú súkúrù, ẹ tún un dì pẹ̀lú ìṣírò tó wà nínú ìwé awò náà. Òrùka awò kò fẹ́ agbára, bí íǹṣì-pọ́n-ùn 15 sí 18 ló máa ń fẹ́. Ẹni tó bá fi gbogbo ọwọ́ dì í ń tẹ ọ̀pá awò bọ inú ni. Súkúrù méjì tó de irin ìbọn mọ́ ìdí rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ìṣírò tiwọn wà nínú ìwé ìbọn.

Bí súkúrù bá le, ẹ fa owó ìwé dọ́là kan gba àárín ọ̀pá àti ìdí oníke, láti iwájú wá sẹ́yìn. Ibi tó bá há sí, ike ń kan ọ̀pá níbẹ̀. Ẹ fi sáńpépà gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀.

Ọta tí ẹ ń lò ńkọ́? Ìbọn kan lè kórìíra ọta kan láìnídìí tí ojú rí. Ẹ gbìyànjú oríṣi mẹ́ta, kí ẹ tó sọ pé ìbọn ò dáa.

Èyí tó kù, ẹ̀yin ni. Ẹ ní kí ẹnìkan bá yín ki ọta sínú ìbọn láìjẹ́ kí ẹ rí i, kó máa fi ọta ike tí kì í dún sáàárín wọn. Bí ẹ bá fa tírígà lórí ọta ike tí ẹnu ìbọn sì fò, ẹ ti ń bẹ̀rù ìró náà kó tó dún. Ẹ lọ fi .22 tàbí ọta ike kọ́ ọ títí ọwọ́ á fi balẹ̀.

Ìbéèrè: Awò gbá mi ní ìpéǹpéjú, ó dá ọgbẹ́ bí òṣùpá.

Ẹ ti súnmọ́ ọn jù. Bí íǹṣì mẹ́ta àtààbọ̀ ló yẹ kó wà láàárín ojú àti awò. Ẹ tú òrùka, ẹ ti awò síwájú, kí ẹ sì fi ìdí ìbọn mọ́ èjìká dáadáa, kó má fi àyè sílẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fa tírígà, ó kàn ní "tíkì".

Ẹ má ṣí bọ́ọ̀tì. Ẹ kọjú ẹnu ìbọn sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, torí ọta míì ń pẹ́ kó tó gbaná. Lẹ́yìn náà ẹ yọ ọ́, ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí pín-ìn, abẹ́rẹ́ irin inú bọ́ọ̀tì tó ń lu ìdí ọta, bá ti lù ú jìn, ọta ló bàjẹ́. Bí ojú ibẹ̀ bá tẹ̀ díẹ̀ péré, ó ṣeé ṣe kí òróró tó ti di gọ́ọ̀mù ti kún inú bọ́ọ̀tì. Àmọ́ bó bá dún "pọ́ọ̀" wẹ́lẹ́ tí kò sì ti èjìká yín, ẹ má yin òmíràn láé: orí ọta lè ti há sínú ọ̀pá.

Ìbéèrè: Ọmọ kékeré wà nílé. Mi ò lówó àpótí irin.

Okùn irin oníkọ́kọ́rọ́ máa ń bá ọ̀pọ̀ ìbọn tuntun wá. Bí tiyín kò bá ní i, ètò ààbò ìbọn tí wọ́n ń pè ní Project ChildSafe ń fún àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ àwọn ọlọ́pàá. Ẹ yọ bọ́ọ̀tì, ẹ fi okùn náà gba ibi tí bọ́ọ̀tì ti kúrò, kó jáde níbi tí àpótí ọta ń wọ̀, ẹ tì í. Ẹ kó bọ́ọ̀tì sí yàrá míì, ọta sínú àpótí míì tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ má fi ìbọn sílẹ̀ nínú àpò onífóòmù tí wọ́n fi gbé e: ọ̀rinrin Houston máa ń dúró sínú fóòmù yẹn, ìpẹtà á sì ti yọ lábẹ́ bọ́ọ̀tì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.