Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń wá jẹun ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí ọkọ̀ bá ti Èkó dé oríta Ṣágámù, ọ̀pọ̀ èrò ni ó máa ń na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé, wọ́n á ra gaàrí àti búrẹ́dì lọ́wọ́ àwọn tí ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, wọ́n á sì padà sílé lọ sọ pé àwọn ti jẹ oúnjẹ Rẹ́mọ. Èmi tí mo ti rìn láti Ìpẹru dé Ìjẹ̀bú-Igbó nítorí ọ̀nà ọ̀fun mi nìkan, mo lè sọ pé ìyẹn ni àṣìṣe tí ó bí ìyókù. Oúnjẹ tiwa kì í yá. Ẹni tí ó bá kánjú wá jẹ ẹ́, ohun mìíràn ni yóò jẹ, yóò sì máa fi orúkọ tiwa pè é.

Ẹ wo gaàrí. Gaàrí Ìjẹ̀bú kì í ṣe orúkọ gbogbo gaàrí tí a bá tà ní Ìjẹ̀bú. Lẹ́yìn tí a bá ti rin ẹ̀gẹ́, a ó dì í sínú àpò, a ó gbé nǹkan wúwo lé e, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 3, ọjọ́ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó lè kan, kí omi rẹ̀ sì ro dànù. Omi yẹn ń bá oró inú ẹ̀gẹ́ lọ, kíkan náà ni ó sì ń fún gaàrí ní adùn tí a fi mọ̀ ọ́n, kí a tó jọ̀ ọ́, kí a tó yan án títí yóò fi gbẹ. A kì í fi epo sí i. Ẹni tí ó bá ń wá gaàrí tí ó pọ́n, ti ìhà Bìní ni ó ń wá. Ní ọdún kan, mo ra kóńgò 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó búra fún mi pé Ìjẹ̀bú-Igbó ni ó ti wá. Mo délé, mo bu omi tútù sí i, kí n sì tó bó ẹ̀pà tán, ó ti wú di ẹ̀bà nínú abọ́. Ẹ̀bi tèmi ni, nítorí pé n kò tọ́ ọ wò. Ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fún un: bí ó bá lẹ̀, kò gbẹ tó. Ẹ jù ú sẹ́nu: ó gbọ́dọ̀ máa dún léyín, kí ó sì kan débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò sún kì.

Ẹni tí ó ra ojúlówó náà ṣì lè bà á jẹ́. Ó bu omi sí i tán, ó gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ará ilé sọ̀rọ̀. Omi tútù ni kí ẹ bù sí i, kí ẹ da èyí tí ó bá léfòó nù, kí ẹ bu omi mìíràn, kí ẹ fi ṣúgà díẹ̀ sí i, kí ẹ sì mu ún kíá pẹ̀lú ẹja díndín tàbí àkàrà gbígbóná. Ibí yìí nìkan ni mo ti gba kíkánjú láyè. Ní ti mílíìkì, n kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n kíkan tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin wá, ìṣẹ́jú kan ni mílíìkì fi ń pa á.

Orí ìkọ́kọrẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìfọ́kọrẹ́, ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ewùrà ni a fi ń sè é. Ẹni tí ó bá rin iṣu funfun sínú ọbẹ̀, àsáró tí kò mọ ara rẹ̀ ni yóò gbé kalẹ̀. Bíbu omi sí ewùrà tí a ti rin kò tún dára, nítorí omi ara rẹ̀ ti tó o. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń dùn mí jù ni rírò. Mo rántí òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní Àgọ́-Ìwòyè, nínú ilé ìdáná ìyá ìyá mi. Ó fi epo pupa pa ọwọ́ mi méjèèjì kí ewùrà má baà yún mi, ó sì fi mí sídìí páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu. Nígbà tí ata, irú, edé àti ẹja gbígbẹ ti ń hó nínú epo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka mẹ́ta já ewùrà náà sínú ìkòkò ní ìṣù kéékèèké, ó sì dé e. Mo na ọwọ́ sí orógùn.

“Ta ní ní kí o rò ó? Ṣé àmàlà ni?”

Ó gbá mi lọ́wọ́. Ó tó bí ìṣẹ́jú 15 kí ó tó ṣí i, ó sì yí i láti ìsàlẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì péré, ó jẹ́ kí kókó rẹ̀ wà bí ó ti wà. Kókó yẹn ni oúnjẹ náà. Mo ti jẹ èyí tí ó ń yọ̀ bí ògì ní ilé oúnjẹ kan tí aṣọ orí tábìlì rẹ̀ funfun kinniwin, mo sì ti rí àlejò tí ó ń fi ṣíbí tẹ kókó fọ́ nínú abọ́, tí ó ń sọ fún ìyá olóúnjẹ pé kò jinná. Bí ẹ bá sì rí ará ibí tí ó ń fi ẹ̀bà tútù jẹ ìkọ́kọrẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ́kọ́ gba òkèlè kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Rẹ́mọ, ẹ̀bìrìpò ni kí ẹ béèrè. Kókò ni a ń rin, tí a ń fi ata àti iyọ̀ sí, tí a ń pọ́n sínú ewé kí a tó sè é. Kókò tí kò jinná máa ń yún ni lọ́fun, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe kán olóúnjẹ lójú. Bí ó bá sì ti kúrò lórí iná, ẹ má tíì tú u, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́ ewé.

Àwọn kan máa ń bínú pé olóúnjẹ Ìjẹ̀bú-Òde kò ní ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ni Ọ̀fàdà. Ọbẹ̀ ayamaṣe tí wọ́n ń bù lé ìrẹsì náà lórí ni àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ máa ń sọ pé tiwọn ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò nílé, kí ó má ṣe ṣí ìdérí ìkòkò nígbà tí epo pupa bá ń rú èéfín lórí iná. Kí ó pa iná, kí epo náà tutù, kí ó tó da ata sí i.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó bá dé ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́, ìkòkò tí wọ́n ti fọ̀ ni yóò bá lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ olóúnjẹ. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí Ojúde Ọba máa ń kún fún ẹṣin àti àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, ẹ má wá oúnjẹ lọ sí búkà. Inú ilé ni àwọn ìkòkò ńlá wà lọ́jọ́ náà, ẹni tí ó bá sì ní ojúlùmọ̀ kan ṣoṣo ní Ìjẹ̀bú-Òde kò ní fi ebi sùn. Ní àsìkò ọdún Agẹmọ, òrìṣà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí obìnrin tí ó bá fẹ́ rìnrìn àjò béèrè ọ̀nà kí ó tó gbéra, nítorí obìnrin kì í rí Agẹmọ lójú ọ̀nà.

Ẹ má sì ya fọ́tò ìkòkò onítọ̀hún kí ẹ tó kí i. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó na fóònù sí ojú ọbẹ̀ láìsọ “Ẹ kú iṣẹ́, mà,” màmá náà sì fi ìdérí bo ìkòkò rẹ̀, ó ní oúnjẹ ti tán. Èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀ kúnlẹ̀ kí i, mo sì rí abọ́ kan gbà, pẹ̀lú orí ẹja tí n kò sanwó rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan lọ sílé, ẹ má di ẹ̀bìrìpò gbígbóná sínú ọ̀rá, yóò làágùn, yóò sì tètè kan. Ẹ jẹ́ kí ìkọ́kọrẹ́ sùn mọ́jú, ẹ rọra gbé e kaná lọ́wọ́ kékeré láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ má sì rò ó.